ÌWÉ WỌ ÀǸKÁRÁ NÍLÙÚ ÒYÌNBÓ: ORÚKỌ TA NI WỌ́N FI GÓÒLÙ KỌ SÍ I?

Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, kò sì sẹ́ni tó lè já a ní koro. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí sílé onílé ńkọ́? Ilé ta ni wọn yóò wò? Ṣé ilé bàbá rẹ̀ tó wà lókèèrè ni, àbí ilé tí wọ́n bí i sí, tí àwọn onílé ń wò ó bíi pé kò ní í pẹ́ lọ?

Ìbéèrè yìí ni ọmọ Yorùbá kan gbé, tó fi aṣọ àǹkárá wé e, tó sì tò ó sórí pẹpẹ kí gbogbo ayé máa wò ó. Orúkọ ọkùnrin náà ni Yinka Shonibare. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tó ń ta aṣọ, ó kan ẹni tó ń rán an, ó sì kan gbogbo abiyamọ tó lọ́mọ lẹ́yìn odi.

OHUN TÍ WỌ́N RÍ NÍ BRIGHTON

Brighton jẹ́ ìlú kan létí òkun, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ àti iṣẹ́ ọnà sí. Nínú ilé yìí ni yàrá ńlá kan wà, tí àwọn ará ìlú ti máa ń jókòó kàwé láyé ọjọ́un. Nígbà tó yá, wọ́n kó ìwé lọ sí ibòmíràn, orúkọ ilé ìkàwé àtijọ́ ló wá kù tí wọ́n ń pe yàrá náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, nígbà tí ìlú ń ṣe àjọ̀dún ọnà tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dọọdún, inú yàrá yìí ni Shonibare kó iṣẹ́ rẹ̀ sí.

Ẹnu á ya ẹni tó bá wọlé. Pẹpẹ ìwé rèé lọ́tùn-ún, pẹpẹ ìwé rèé lósì. Ìwé tó le gbọin ló wà lórí wọn, wọ́n tò ó ṣìnkìn bí ìdì aṣọ nínú ìsọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wọ dúdú tàbí búráùn bí ìwé àtijọ́ àwọn òyìnbó ti máa ń rí. Àǹkárá ni gbogbo wọn wọ̀! Pupa fòò, yẹ́lò, búlúù aró, àwọ̀ ewé; olódòdó, ẹlẹ́yẹ, alámì róbótó. Àfi bí ẹni pé ìsọ̀ aṣọ kan fò kúrò ní ọjà Bàlógun l'Ékòó, tó lọ bà sí àárín àwọn òyìnbó.

Ẹni tó bá tún sún mọ́ ọn yóò rí nǹkan kejì. Lẹ́yìn ìwé, níbi tó kọjú síni lórí pẹpẹ, tí wọ́n máa ń kọ orúkọ ìwé sí, orúkọ ènìyàn ló wà níbẹ̀, góòlù ni wọ́n sì fi tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n ṣe kà á lónìí, gbogbo ìwé náà jẹ́ 6,328. Èyí tó ní orúkọ lára nínú wọn jẹ́ 2,700. Ìyókù wọṣọ, ṣùgbọ́n wọn ò ní orúkọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ wá gbọ́ orúkọ tí Shonibare fún iṣẹ́ náà. "The British Library" ló pè é, èyí ni ilé ìkàwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ yìí kan náà ni ilé ìkàwé ńlá ti ìjọba wọn ní Lọ́ńdọ̀nù ń jẹ́. Bí ẹni tó kọ́ ààfin kékeré ségbèéríko, tó ní ààfin ọba lòun náà ń pè é. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ tó ní egungun nínú ni.

IṢẸ́ ỌWỌ́ NI, KÌ Í ṢE IDÁN

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń di ìwé mú láì mọ bí wọ́n ṣe ń dì í. Ìwé tó gbà pé kó dàgbà, wọn kì í kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀ gbàgbà. Ẹni tó ń di ìwé yóò ká bébà po ní ìdì kéékèèké, yóò fi abẹ́rẹ́ àti òwú gán ìdì kan mọ́ èkejì lẹ́yìn, yóò wá fi gọ́ọ̀mù pa ibẹ̀ kó lè dì. Lẹ́yìn náà ni yóò gé páálí líle méjì, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, yóò sì fi aṣọ tàbí awọ bò wọ́n.

Télọ̀ tó bá dúró wò ó yóò sọ pé iṣẹ́ òun náà rèé. Ó ní wíwọ̀n, ó ní gígé, ó ní ibi tí wọ́n ti ń ká etí aṣọ sínú kó má baà tú. Igun gan-an ló ń fi ọ̀gá hàn. Bí aṣọ bá dì kókó sí igun, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ló ṣe é. Bí wọ́n bá sì fẹ́ kọ orúkọ sí i, irin gbígbóná ni wọ́n fi ń tẹ góòlù tó tín-ín-rín mọ́ aṣọ. Bí irin náà bá gbóná jù, aṣọ á jó. Bí kò bá gbóná tó, góòlù á ṣí dànù.

Iṣẹ́ àtayébáyé ni nílẹ̀ Yúróòpù. Shonibare kò ba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́. Ìwé tí wọ́n ti dì tẹ́lẹ̀ ló kó jọ, ó ní kí wọ́n fi àǹkárá bò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú ìwé wà bó ṣe wà, aṣọ nìkan ló pààrọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin alásọ, ẹ̀yin aránṣọ, ẹ mọ̀ pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ẹni tó bá pààrọ̀ aṣọ, ojú tí ayé fi ń wò ó ti yí padà nìyẹn.

ỌMỌ TA NI SHONIBARE?

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní 1962, nígbà tí bàbá rẹ̀ ń kọ́ ìmọ̀ òfin lọ́hùn-ún. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí wọ́n kó o padà wá sí Èkó. Èkó yìí ló ti ṣe kékeré, ó ń sọ Yorùbá nílé, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì níléèwé. Nígbà tó di ọ̀dọ́mọkùnrin, ó tún padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ kàwé. Iṣẹ́ ọnà ló wù ú.

Kò tíì pẹ́ níléèwé ọnà tí àjálù dé. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Àìsàn kan kọlu ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo ara rọ jọwọrọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù kọjá kó tó lè gbé ara nílẹ̀. Ọlọ́run yọ ọ́, ó dìde, ṣùgbọ́n apá kan ara rẹ̀ kò padà sí bó ṣe wà mọ́ títí dòní.

Oníṣẹ́ ọwọ́ tí ọwọ́ kò gbé iṣẹ́ mọ́, kí ló kù fún un? Ẹlòmíràn ì bá ti káwọ́ lérí. Shonibare kò ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì fi bò fún ẹnikẹ́ni pé òun nìkan kọ́ ló ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ òun. Òun ló ń ro ó, òun ló ń sọ bí yóò ṣe rí, àwọn mìíràn ló ń bá a gé, tí wọ́n ń bá a rán, tí wọ́n ń bá a lẹ̀. Ṣé èyí ṣàjèjì sí wa ni? Bàbá télọ̀ tí ojú rẹ̀ kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ṣé kì í ṣe ẹnu ló fi ń darí àwọn ọmọ iṣẹ́? Aṣọ tó sì jáde níbẹ̀, aṣọ ọ̀gá ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

ÌBÉÈRÈ TÍ OLÙKỌ́ BI Í

Nígbà tó wà níléèwé, Shonibare ń ṣe iṣẹ́ ọnà kan nípa ọ̀rọ̀ ìṣèlú ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Olùkọ́ rẹ̀ kan wá bi í pé, ìwọ ọmọ Áfíríkà, kí ló dé tí o kò ṣe ojúlówó iṣẹ́ Áfíríkà? Bóyá olùkọ́ náà kò ní i ní búburú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ ọmọkùnrin yìí lára. Bí òyìnbó bá ya àwòrán ilẹ̀ Ṣáínà, ta ló ń bi í léèrè ìlú rẹ̀?

Ó wá gba ọjà Brixton lọ, ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ènìyàn dúdú ti ń ra iṣu, tí wọ́n ń ra ata, tí wọ́n sì ń ra aṣọ. Ó bá àǹkárá lórí àtẹ níbẹ̀. Áfíríkà tí olùkọ́ ń wá rèé! Ṣùgbọ́n nígbà tó tọ pinpin aṣọ náà, ẹ̀rín pa á. Aṣọ tí gbogbo ayé ń pè ní aṣọ Áfíríkà, ọ̀nà jíjìn ló ti wá.

Erékùṣù Jáfà, ní ilẹ̀ Indonesia, ni wọ́n ti ń fi ìda gbígbóná ya ọnà sára aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ibi tí ìda bá wà, aró kò ní í wọ ibẹ̀. Ìyá tó bá ti ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ rí, ì báà jẹ́ l'Ábẹ́òkúta, ì báà jẹ́ l'Óṣogbo, kò nílò àlàyé lórí èyí. Ẹ̀kọ ni tiwa, ìda ni tiwọn, ọgbọ́n kan náà ni. Àwọn Dọ́ọ̀ṣì, ará Họ́láńdì, ló ń ṣèjọba lé ilẹ̀ Indonesia lórí nígbà náà. Wọ́n wo iṣẹ́ yìí, wọ́n sì ṣe ẹ̀rọ tó lè fara wé e. Ilé iṣẹ́ Vlisco tí gbogbo aláṣọ mọ orúkọ rẹ̀, ìlú Helmond ní Họ́láńdì ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1846. Àwọn òyìnbó Manchester náà kò gbẹ́yìn nínú òwò ọ̀hún. Nígbà tí aṣọ yìí dé etíkun Gold Coast tí í ṣe Gánà lónìí, ọwọ́ ni wọ́n fi já a gbà, láti ibẹ̀ ló sì ti tàn ká gbogbo etíkun wa.

Òyìnbó ló tẹ̀ ẹ́ o, ṣùgbọ́n ta ló sọ ọ́ lórúkọ? Nọ́ńbà lásán ni aṣọ ń ní nígbà tó bá ń bọ̀ láti ilé iṣẹ́. Àwọn ìyá ọjà l'Ákàrà àti ní Lomé ló ń wò ó, tí wọ́n ń fi òwe àti ọ̀rọ̀ ìdílé sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ yẹn ló ń mú un tà. Àwọn ìyá Lomé kan tà á débi pé Mercedes-Benz ni wọ́n ń gùn, ni wọ́n bá ń pè wọ́n ní Nana Benz. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ìkómọ, ìgbéyàwó, ìsìnkú, èwo ni wọ́n ń ṣe láìsí àǹkárá nínú aṣọ ẹbí? Àlejò ni aṣọ yìí nígbà tó dé. Kò sẹ́ni tó ń pè é lálejò mọ́.

Ìdí nìyí tí Shonibare fi di aṣọ yìí mú. Ẹni tó bá ní kó fi Áfíríkà hàn òun, aṣọ tó ti Indonesia wá, tó gba ọwọ́ Họ́láńdì, tó gba orúkọ lọ́wọ́ ìyá ọjà, ni yóò nà sí i. Kí onítọ̀hún lọ tú u palẹ̀ fúnra rẹ̀.

ORÚKỌ TÓ WÀ LẸ́YÌN ÌWÉ

Àwọn tí wọ́n fi góòlù kọ orúkọ wọn, àwọn tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá ṣe iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, tàbí àwọn tí òbí wọn ti òkèèrè wá. Ẹ rí Hans Holbein níbẹ̀: ọmọ Jámánì ni, òun ló ya àwòrán ọba wọn Henry Kẹjọ tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹ rí T.S. Eliot, akéwì: Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí. Zaha Hadid tó ń ya àwòrán ilé ńláńlá, Baghdad ní ilẹ̀ Ìráàkì ló ti wá. Bàbá Helen Mirren, òṣèré obìnrin, Rọ́ṣíà ni wọ́n bí i sí. Ìyá Zadie Smith, òǹkọ̀wé, ọmọ Jàmáíkà ni.

Ṣé ẹ rí i? Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń yangàn pé tàwọn ni, wọ́n tú u wò, ọwọ́ àlejò pọ̀ nínú rẹ̀. Bíi ti àǹkárá wa gẹ́lẹ́.

Shonibare kò sì gbẹ́jọ́ apá kan. Ó fi orúkọ àwọn tó ta ko àlejò, tí wọ́n ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ìlú pa, sínú ìwé náà. Àwọn náà wọ àǹkárá, àwọn náà gba góòlù. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ó sì fi ẹ̀rọ kan sínú yàrá náà tí ẹni tó bá wọlé lè fi sọ ìtàn tirẹ̀, ibi tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti wá àti bí wọ́n ṣe débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àlejò kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré níbẹ̀ lásìkò náà. Lójoojúmọ́ ni àwọn olóṣèlú ń jà lé e lórí. Ní 2016, wọ́n kó iṣẹ́ yìí lọ sí Margate, ìlú mìíràn létí òkun. Ọdún yẹn kan náà, ní 23 oṣù kẹfà, ni àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì dìbò pé àwọn ń kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ọ̀rọ̀ àlejò sì wà lára ohun tó gbóná jù nínú ìbò náà.

Àwọn ìwé tí kò lórúkọ wá ńkọ́? Àyè ẹni tí ìtàn rẹ̀ kò tíì kọ sílẹ̀ ni. Ẹni tí kò tíì dé wà níbẹ̀. Ẹni tó ti dé, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò rí, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nọ́ọ̀sì tó ń yí arúgbó òyìnbó padà lórí bẹ́ẹ̀dì lóru, ẹni tó ń gbálẹ̀ ófíìsì kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì nínú òtútù. Ọmọ yín ni, àbúrò yín ni, ẹ̀gbọ́n yín ni. Nígbà tó bá pè lórí fóònù, á ní dáadáa lòun wà. Orúkọ rẹ̀ tí ẹ fi odidi ọjọ́ mẹ́jọ ronú lé lórí kí ẹ tó sọ ọ́, àwọn tó ń bá ṣiṣẹ́ lè má mọ̀ ọ́n pè. Wọ́n á gé e kúrú, wọ́n á ní ó gùn jù.

KÍ WỌ́N TÓ DÁ ÒYÌNBÓ LẸ́JỌ́

Bí ọ̀rọ̀ bá dé ibí yìí, ó rọrùn láti na ìka sí òyìnbó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá na ìka kan síta, mẹ́ta ló kọjú sí i.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà lábẹ́ Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò níwèé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá onísòwò pọ̀ nínú wọn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ọ̀fà, ọmọ Ìnísà, ọmọ Ṣakí. Ẹni tó ti fi ogún ọdún tajà níbẹ̀ fi ìsọ̀ sílẹ̀. Ọmọ tí kò mọ ibòmíràn ju Gánà lọ bá ara rẹ̀ nínú lọ́rí, wọ́n ní ilé ló ń lọ. Ta ló kọ orúkọ wọn sílẹ̀?

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ó kan tiwa. Ìjọba Nàìjíríà lábẹ́ Shagari ní kí àlejò tí kò níwèé máa lọ, ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fún wọn. Wọ́n ní àwọn tó lọ lé ní mílíọ̀nù kan, ará Gánà ló sì pọ̀ jù. Olùkọ́ wà nínú wọn, télọ̀ wà nínú wọn, bíríkìlà wà nínú wọn. Wọ́n kó ẹrù sínú báàgì alápótí-apótí, wọ́n gbé e lérí, wọ́n lọ.

Báàgì yẹn ṣì wà lọ́jà títí dòní, olúkúlùkù ló ń fi í kó ẹrù. "Ghana must go" ni wọ́n ń pè é. Nínú gbogbo orúkọ tí àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn gbé wá, orúkọ báàgì ló kù lẹ́nu wa.

IBI TÍ ỌRỌ̀ DÉ LÓNÌÍ

Iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Brighton kò kú síbẹ̀. Ní 2018, Shonibare ṣe irú rẹ̀ fún Amẹ́ríkà, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ìwé, wọ́n sì tò ó sínú ilé ìkàwé ńlá ìlú Cleveland, ilé tí wọ́n ṣí ní 1925. Orúkọ àwọn tó ti òkèèrè wá ló wà lára wọn, pẹ̀lú orúkọ àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n ṣí láti gúúsù ilẹ̀ náà lọ sí àríwá nítorí ìyà àti ìṣẹ́. Ní 2019, ilé iṣẹ́ ọnà Tate ní Lọ́ńdọ̀nù ra ti àkọ́kọ́. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún Shonibare ní oyè CBE. Ọmọ tí olùkọ́ ń bi léèrè ibi tó ti wá, òun ni wọ́n ń fi oyè dá lọ́lá.

Òun náà kò sì gbàgbé ilé. Ní 2022, ó ṣí ilé kan l'Ékòó àti òmíràn sínú oko lẹ́bàá Ìjẹ̀bú, kí àwọn oníṣẹ́ ọnà láti ibikíbi lè wá gbé ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n sì ṣiṣẹ́. Ẹni tó jẹ àlejò nílé onílé ti di ẹni tó ń gba àlejò.

Àwọn àgbà ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orúkọ rere náà ń fẹ́ ẹni tí yóò pè é. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ń bá yín kọ́lé, ará Tógò tó ń gbé ẹrù fún yín lọ́jà, Haúsá tó ń rán bàtà ní ìkóríta yín, ẹ ti bi í léèrè orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́? Bí wọ́n bá to ìwé tiwa náà sórí pẹpẹ, tí wọ́n fi àǹkárá wé e, orúkọ àlejò wo lẹ fẹ́ kí wọ́n fi góòlù kọ sí i?

Ojú ìwé lẹ́tà ṣí sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́.